Orí Kẹfà: Ásíìdì Tó Ń Tú Àṣírí Bakitéríà

Oníṣẹ́ abẹ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí abẹ bá kan eéwo tó sá pamọ́ sínú ikùn, tí ọyún tú jáde, tí òórùn burúkú sì gba gbogbo yàrá, ọkàn rẹ̀ á ti lọ sọ́dọ̀ àwọn bakitéríà tí kò fẹ́ ọ́síjìn. Kòkòrò tó ń lo afẹ́fẹ́ náà lè fa ọyún, ọyún ọ̀hún sì lè pọ̀, àmọ́ kì í sábà rùn bẹ́ẹ̀. Imú ni ohun èlò àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí ìmọ̀ ìṣègùn ní fún irú àrùn yìí, ó sì wúlò títí dòní.

Síbẹ̀, imú ní ibi tó mọ. Kò lè sọ èwo nínú wọn ló wà níbẹ̀, kò lè sọ bí ohun tó ń rùn ṣe pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ irú ọyún bẹ́ẹ̀ sì wà tí kì í rùn rárá. Ohun tí orí yìí dá lé ni ẹ̀rọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ imú, tó sì ń fi nọ́ńbà jẹ́rìí: gas chromatography, tí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ń pè ní GC.

Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí àwọn bakitéríà wọ̀nyí bí wọ́n ṣe jẹ́, ní ọdún 1861. Ó fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀kán omi kan láti inú ìgò tí ṣúgà ti ń di ásíìdì butyric. Àwọn kòkòrò tó wà láàárín ẹ̀kán omi náà ń lọ sókè sódò, àwọn tó wà létí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn wọ́n, dúró gbagidi. Títí di ìgbà náà, èrò gbogbo ayé ni pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè wà láìsí afẹ́fẹ́. Pasteur rí ohun ẹlẹ́mìí tí afẹ́fẹ́ ń pa. Òun ló fún wọn ní orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí, anaerobe.

Wọn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìfun ńlá wa ni ilé wọn. Nínú gbogbo bakitéríà tó wà níbẹ̀, tiwọn lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wà láàárín eyín àti erìgì, wọ́n wà ní ojú ara obìnrin, wọ́n wà nínú ikùn màlúù àti nínú ẹrẹ̀ àbàtà. Ní ààyè wọn, wọ́n ń ṣe wá lóore. Ìgbà tí ìfun bá lu, tí eyín bá jẹrà dé egungun, tí ìdọ̀tí bá wọnú egbò jíjìn, tàbí tí ibi ọmọ bá ṣẹ́kù sínú ìyá lẹ́yìn ìbímọ, ni wọ́n máa ń dé ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé, tí wọ́n á sì di àrùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe ásíìdì? Agbára ni wọ́n ń wá, bí àwa náà ṣe ń wá a. Bí sẹ́ẹ̀lì wa bá gba ṣúgà glucose, á gé e sí méjì, á sì máa jó o díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku omi àti gáàsì kábọ̀n-dáyọ́sáìdì nìkan. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá jáde lára oúnjẹ náà, ọ́síjìn ló ń gbà wọ́n. Bakitéríà tí kò lo ọ́síjìn kò rí ẹni kó wọn lé lọ́wọ́, nítorí náà ó ń dá wọn padà sára àjẹkù oúnjẹ fúnra rẹ̀, àjẹkù yẹn á sì di ásíìdì tàbí ọtí, á wá tì í síta. Èrè tó ń rí níbẹ̀ kéré. Lórí glucose kan, gígé ṣúgà náà sí méjì ń mú ATP (ẹyọ agbára inú sẹ́ẹ̀lì) méjì péré wá, nígbà tí tiwa ń tó nǹkan bí 30. Nítorí pé èrè kéré, oúnjẹ púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ kó tó yó, ohun tó ń dà síta sì pọ̀ ju ara òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí rèé tí àyẹ̀wò yìí fi ṣeé ṣe. Kòkòrò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ohun tó yà sílẹ̀ pọ̀ tó ohun tí a lè wọ̀n.

Ẹni tó bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú mọ òórùn ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì wọ̀nyí dáadáa. Butyric wà lára ohun tó ń fún fùfú ní òórùn tí a fi ń mọ̀ pé ilé kejì ń sè é, bakitéríà inú omi tí a fi rẹ ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe é, àwọn Clostridium sì wà nínú wọn. Lactic ló ń mú ògì kan. Acetic ló wà nínú fínígà. Propionic, isobutyric, isovaleric àti caproic ni àwọn mìíràn, òórùn wọn ò sì dára. Isovaleric ni òórùn ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú bàtà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni pé bakitéríà kọ̀ọ̀kan ní àwọn ásíìdì tó máa ń yà, àti ìwọ̀n tó máa ń yà wọ́n. Àbínibí ni, kì í ṣàdédé yí padà bí oúnjẹ tí a fún un kò bá yí padà.

Nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí, ohun kan wà tó máa ń wú mi lórí. A. J. P. Martin àti R. L. M. Synge, àwọn onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, ti kọ ọ́ ní ọdún 1941 pé èèyàn lè fi gáàsì gbé àwọn nǹkan tó dàpọ̀ gba inú ọ̀pá kan kọjá, kí wọ́n sì yapa lọ́nà. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sẹ́ni tó gbìyànjú rẹ̀. Martin fúnra rẹ̀ ló padà sí i pẹ̀lú A. T. James, ní ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba ní Mill Hill, London, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1952, ọdún kan náà tí Martin àti Synge gba ẹ̀bùn Nobel. Àwọn ásíìdì wọ̀nyí gan-an ni wọ́n fi dán an wò, láti orí formic, tó ní kábọ̀n kan, dé orí èyí tó ní kábọ̀n méjìlá. Nítorí náà, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú GC bá ásíìdì bakitéríà mu lẹ́yìn tí ó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Lórí irú ásíìdì wọ̀nyí ló ti kọ́ ìrìn.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ààrò tí a lè ṣètò ooru rẹ̀. A ti fi ohun kan tó dà bí òróró ra inú ọ̀pá náà, tàbí kí á fi í pa ìyẹ̀fun tí a kì sínú rẹ̀. Gáàsì tí kì í bá nǹkan jà, náítírójìn tàbí hílíọ̀mù, ń fẹ́ gba inú ọ̀pá náà láìdúró. A ó fi sírínjì kékeré ta ẹ̀kán ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá, níbi tí ooru ti pọ̀, á di oru lójú ẹsẹ̀, gáàsì á sì gbé e lọ. Fọkàn yàwòrán ọ̀pọ̀ èèyàn tó gba ẹnu ọ̀nà kan wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ọjà á gbà á kọjá wéré. Ẹni tó mọ gbogbo ìyálọ́jà á máa dúró kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò sì pẹ́ kó tó yọ lódì kejì. Bí ásíìdì ṣe ń ṣe nìyẹn. Èyí tó bá fúyẹ́, tí òróró inú ọ̀pá kò sì fà mọ́ra, á tètè jáde, àwọn tó wúwo á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń hó ló sábà máa ń ṣètò ìlà wọn. Acetic ń hó ní 118°C, propionic ní 141°C, isobutyric ní nǹkan bí 155°C, butyric ní 164°C, isovaleric ní 177°C, valeric ní 186°C, isocaproic ní 200°C, caproic ní 205°C. Bí wọ́n ṣe ń jáde nìyẹn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ kíyè sí i pé isobutyric àti butyric ní iye kábọ̀n kan náà, mẹ́rin mẹ́rin. Ti butyric tò lọ gbọọrọ, ti isobutyric yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan ti tó fún ẹ̀rọ náà láti yà wọ́n sọ́tọ̀, nígbà tí imú lè fi ọ̀kan pe èkejì.

Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó ń ṣọ́ ohun tó jáde. James àti Martin ń jẹ́ kí ásíìdì bọ́ sínú omi, kí ẹ̀rọ sì máa wọn èròjà tó lè pa kíkan rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni èyí tó dára jù dé. Ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ló ṣe é láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní Ọsirélíà, èkejì ní Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà. Iná háídírójìn kékeré kan ni. Bí ohun tó ní kábọ̀n bá wọ inú iná náà, iná mànàmáná tín-ínrín á ṣàn, a ó sì rí i bí òkè ṣóńṣó lórí ìwé. Omi àti náítírójìn kì í mú kó ṣẹ́jú, ìyẹn sì dára púpọ̀, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó ti ara ohun ẹlẹ́mìí wá. Àbùkù kan ló ní fún iṣẹ́ tiwa: kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ásíìdì formic.

Nínú láàbù, wọn á kọ́kọ́ sin bakitéríà náà sínú omi oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní PYG, tó ní peptone, èròjà inú yíìsì àti glucose, nínú ìgò tí ọ́síjìn kò lè wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á bu ìwọ̀nba nínú rẹ̀, wọn á sì kán ásíìdì sulphuric sí i títí yóò fi kan gan-an, tí pH rẹ̀ á wá sí 2 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè ìdí tí a fi ń da ásíìdì sórí ásíìdì. Ìdí ni pé púpọ̀ nínú ásíìdì tí bakitéríà yà ti di iyọ̀ nínú omi oúnjẹ náà, iyọ̀ kì í sì í di oru. Ásíìdì tó lágbára ló ń sọ ọ́ di ara rẹ̀ padà, kó lè fò. Wọn á wá fi iyọ̀ lásán sí i kí omi má lè di ásíìdì náà mú mọ́, wọn á da ether lé e, wọn á mì í. Ether á léfòó, ásíìdì á sì bá a gòkè. Ẹ̀kán kékeré nínú ether yẹn ló ń wọ ẹ̀rọ.

Ìyẹn ni fún àwọn tó ń fò. Lactic, succinic àti pyruvic kì í fò bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọ́n máa ń fi methanol àti ásíìdì sulphuric sè wọ́n ní nǹkan bí 55 sí 60°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n lè di ohun mìíràn tó fúyẹ́ jù, wọn á sì fi chloroform fà wọ́n jáde. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí kò ní rí succinic, ẹni tí kò bá sì rí succinic kò lè dá anaerobe ìfun tó ń jẹ́ Bacteroides mọ̀.

Ibi tí mo ti rí i tí iṣẹ́ sábà máa ń bàjẹ́ kò sí nínú ẹ̀rọ. Èròjà inú yíìsì fúnra rẹ̀ ní acetic díẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yẹ omi oúnjẹ tí a kò sin ohunkóhun sí wò pẹ̀lú, kí a lè yọ tirẹ̀ kúrò. A gbọ́dọ̀ ta àdàlù àwọn ásíìdì tí a ti mọ̀ ìwọ̀n wọn sí ẹ̀rọ lójoojúmọ́, nítorí àsìkò tí ásíìdì kọ̀ọ̀kan fi ń jáde máa ń sún díẹ̀ bí ọ̀pá bá ṣe ń gbó. Àwọn ásíìdì wọ̀nyí tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá. Ohun àyẹ̀wò àárọ̀ lè fi butyric sílẹ̀ níbẹ̀ fún ti ọ̀sán, wọn á sì kọ àrùn ẹlòmíràn sórúkọ aláìsàn tí kò ní i. Òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ á fi ether lásán fọ ọ̀nà kó tó ta èyí tó kàn.

Nígbà tí òkè ṣóńṣó bá ti jáde lórí ìwé, kíkà rẹ̀ ló kù. Butyric tó pọ̀, tí kò sí isobutyric àti isovaleric pẹ̀lú rẹ̀, ń tọ́ka sí Fusobacterium, tó máa ń wà ní ẹnu àti ọ̀fun. Propionic àti acetic tó ga ni ti Cutibacterium acnes, ará awọ wa. Bacteroides fragilis, tó wọ́pọ̀ jù nínú eéwo inú ikùn, ń fi acetic, propionic àti succinic hàn, àwọn ásíìdì tí kábọ̀n wọn yà sí ẹ̀gbẹ́, bíi isobutyric, á sì tẹ̀ lé wọn ní ìwọ̀nba. Actinomyces israelii kì í ṣe butyric, kì í ṣe propionic. Lactic, acetic àti succinic ni tirẹ̀. Àìsí ásíìdì kan ń sọ̀rọ̀ tó wíwà rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé ni Clostridioides difficile. Hall àti O'Toole rí i ní ọdún 1935 nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn le. Ọdún 1978 ni ó hàn gbangba pé òun ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru burúkú tó ń kọ lu àwọn aláìsàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo oògùn apakòkòrò. Lórí GC, ó ń fi isocaproic hàn, ásíìdì tí bakitéríà díẹ̀ ló ń ṣe. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni èyí tí L. H. Stickland ṣàlàyé ní Cambridge ní ọdún 1934: àwọn Clostridium kan àti ìbátan wọn lè fi purotéènì ṣe oúnjẹ nípa mímú ásíìdì amino méjì, kí ọ̀kan fún èkejì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Leucine tó bá fúnni á di isovaleric, oníkábọ̀n márùn-ún. Leucine tó bá gbà á di isocaproic, oníkábọ̀n mẹ́fà. Òkè ṣóńṣó méjèèjì á sì jáde lórí ìwé kan náà. Àwọn èèyàn gbìyànjú láti fi isocaproic inú ìgbẹ́ nìkan dá ẹjọ́ àrùn yìí. Kò ṣeé gbára lé, nítorí Peptostreptococcus anaerobius náà ń ṣe é, ásíìdì kò sì sọ bóyá kòkòrò náà ní májèlé tó ń dá àrùn sílẹ̀ tàbí kò ní.

Ní Blacksburg, Virginia, ní Amẹ́ríkà, W. E. C. Moore, Lillian Holdeman, Elizabeth Cato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jókòó ti iṣẹ́ yìí, wọ́n sì kó àwòrán ásíìdì àìlóǹkà bakitéríà sínú ìwé kan fún àwọn òṣìṣẹ́ láàbù. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1972, ẹ̀dà kẹrin sì jáde ní 1977. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi ń béèrè bóyá ó pọn dandan láti dúró kí kòkòrò hù. Sherwood Gorbach àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dáhùn ní ọdún 1976: wọ́n ta ọyún fúnra rẹ̀ sí GC láìsin ohunkóhun, wọ́n sì rí i pé butyric, isobutyric àti succinic ń jẹ́rìí sí wíwà anaerobe. Lójú tèmi, àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù nìyí. Sísin kòkòrò ń gba ọjọ́ méjì sí ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò náà sì lè ti kú lójú ọ̀nà láàbù nítorí ọ́síjìn kàn án, tàbí nítorí oògùn tí aláìsàn ti lò kó tó dé. Bí kòkòrò bá tilẹ̀ kú, ásíìdì tó ti yà ṣì wà nínú ọyún, nǹkan bí wákàtí kan ló sì ń gbà láti kà á. Àmọ́ ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe adájọ́. Acetic, lactic, àní succinic pẹ̀lú, lè ti ọ̀dọ̀ kòkòrò tó ń lo afẹ́fẹ́ wá, ọyún tí GC kò rí nǹkan nínú rẹ̀ sì lè ní anaerobe.

Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, wọ́n lo GC fún ohun tó kan ọ̀pọ̀ obìnrin: omi tó ń dà lójú ara, tó ń rùn bí ẹja. Carol Spiegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1980 pé nínú obìnrin tí ara rẹ̀ le, lactic ló pọ̀, nítorí Lactobacillus ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Nínú ẹni tó ní ìṣòro yìí, lactic lọ sílẹ̀, succinic gòkè. Bí succinic bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lactic tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn wà níbẹ̀. Wọ́n fún àwọn obìnrin náà ní metronidazole, oògùn tí a mọ̀ sí Flagyl, àwòrán ásíìdì náà sì padà sí bó ṣe yẹ. Òórùn ẹja yẹn kì í ṣe ti ásíìdì o. Amine ló ń rùn bẹ́ẹ̀, ìdàkejì ásíìdì sì ni, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kán potash sí i kí òórùn lè jáde, bí láàbù ṣe ń kán sulphuric sí butyric kó lè fò.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ti fi GC sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ MALDI-TOF ń sọ orúkọ bakitéríà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ara purotéènì rẹ̀, kíka DNA sì ń ṣe èyí tí MALDI-TOF kò bá lè ṣe. Mi ò bá wọn jà. Fún orúkọ, wọ́n yá jù, wọ́n sì péye jù. Ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe lọ́wọ́ níbi tó wà, ohun tó ń ṣe ló sì kan ara wa. Butyric tí bakitéríà ń yà nínú ìfun ńlá ló ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ìfun náà ní èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tí wọ́n ń lò. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ará Ítálì fi ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé Boulpon ní Burkina Faso, tí ọkà bàbà, jéró àti ewébẹ̀ jẹ́ oúnjẹ wọn, wé ti àwọn ọmọ Florence. Ásíìdì wọ̀nyí pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Boulpon. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Stephen O'Keefe tẹ ìròyìn mìíràn jáde: wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ 20 ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Pittsburgh pẹ̀lú ti 20 ará abúlé ní Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Butyric gòkè nínú ìfun àwọn tó ń jẹ oúnjẹ abúlé, ó sì já wálẹ̀ nínú ìfun àwọn tó gba oúnjẹ ọlọ́ràá. MALDI-TOF kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Wíwọn ásíìdì nìkan ló lè sọ ọ́.

Fún òǹkàwé tí kò ní dé ìdí ẹ̀rọ yìí láéláé, ọ̀rọ̀ mi rèé. Egbò tàbí eéwo tó bá ń rùn, ẹ má lọ ra Flagyl ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kí ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ọyún wò, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó ṣeé fi sírínjì fà jáde, kí wọ́n sì dé e pa, dípò kí wọ́n fi òwú nù ún, nítorí lórí òwú, kòkòrò tí kò fẹ́ ọ́síjìn lè ti kú kó tó dé láàbù.